Àmì Ìsàlẹ̀

Ní Gégé, lẹ́bàá àwọn tó ń wọn irin lórí òṣùwọ̀n,
mo rí i nínú àpò ìrẹsì,
ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín fáànù tó kán lápá àti ìkòkò tó ti lu.
Sùfíánù onípàǹtí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.
Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì.
Ó wo bàtà mi, ó wo ewú orí mi:
"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"
Mi ò dá a lóhùn.
A parí ẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó fi wáyà kan ṣe ènì.

Ogójì ọdún ni mo fi tún rédíò ṣe l'Ókè-Ààrẹ.
Òórùn òjé tó ń yọ́, mo mọ̀ ọ́n ju òórùn ọbẹ̀ lọ.
Ìgbà tí rédíò wá wọ inú fóònù lọ tí kò jáde mọ́,
mo kó irinṣẹ́ mi sínú agolo bisikíìtì,
mo jókòó síta, mò ń ka ọ̀kadà tó ń gun òkè.

Mo tú kọ̀ǹpútà náà palẹ̀.
Ẹyin ọmọńlé méjì ló wà lábẹ́ fáànù rẹ̀.
Mo fi ṣíbí bù wọ́n sójú fèrèsé.
Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án ti sọnù;
mo yọ ti rédíò Láníyọnu,
tó gbé e wá ṣe lọ́dún tí wọ́n fagi lé ìbò, tí kò padà wá gbà á.
Láníyọnu, níbikíbi tóo bá wà,
ara rédíò rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìbídàpọ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nítòsí Kuíìnì Sínimá,
ló fi fúláàṣì gbé ètò tó máa darí rẹ̀ wá.
Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo ní, ọ̀fẹ́ wo?
N'Íbàdàn yìí, ẹni tó kí ọ, ìdáhùn ló ń retí.
Ó ní àwọn kan tí a ò mọ̀ rí ló jókòó kọ ọ́,
wọ́n wá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu,
pé ẹni tó bá rí ibi tó ń jò,
kó gun òrùlé lọ dí i.

Aago kan òru kọjá kí wọ́n tó mú iná dé.
Mo tẹ bọ́tìnnì Láníyọnu.
Ó wúkọ́. Ó dákẹ́. Ó tún wúkọ́,
ojú rẹ̀ là.
Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ni orúkọ ìyàwó mi,
Ọ̀ṣunfúnkẹ́.
Àpótí òfìfo mẹ́ta ló gbé síbi àmì rẹ̀.

Tíṣà ni, ní Yemẹtu.
Bírò pupa rẹ̀ kì í dárí ji ọmọ tó bá gbàgbé àmì ìsàlẹ̀:
"O bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọ̀rọ̀, o ní kó máa rìn lórí òkúta."
Ọjọ́ tí a sin ín, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Mọ̀kọ́lá
kọ ọ́ ní Osunfunke.
Wọ́n sọ odò di osùn.
Mi ò ní agbára àtibínú lọ́jọ́ náà.
Ẹsẹ̀ lásán ló fi lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lèmi àti Ìbídàpọ̀ fi gun òrùlé náà.
Ibi tó ń jò ò tóbi, ìlà mẹ́rìnlá ni.
Mo kọ méjì fúnra mi;
ọ̀kan ò dáa, ọmọ náà tún un ṣe, kò sọ fún mi.
A fi ránṣẹ́ sí àwọn onílé.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹnì kan kọ̀wé pé ó ti wọlé, ó ní a ṣeun.
Lẹ́tà kan nínú orúkọ ẹ̀ dé òrùka lórí.
Mo wá òrùka náà rí kí n tó dá a lóhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tẹ Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kún ojú ìwé kan,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bàtà rẹ̀,
títí wọ́n fi múná lọ.

Àná, mo padà sí Gégé.
Sùfíánù ní, "Bàbá, kí lẹ wá fi ṣe?"
Mi ò dá a lóhùn.
Mo bèèrè iye tó máa ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé
tó fi ṣe àpótí ìjókòó.